Ẹni Tó Ni Ìtàn Ń Sunkún

Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1964, èrò kún gbọ̀ngàn sinimá Grauman's Chinese Theatre ní Hollywood. Fíìmù olórin kan tí ilé-iṣẹ́ Walt Disney ṣe fún àwọn ọmọdé ni wọ́n wá wò. Nígbà tó parí, gbogbo wọn dìde, àtẹ́wọ́ sì gba ilé kan. Obìnrin ẹni ọdún 65 kan wà láàárín wọn tó ń sunkún. Ẹni tó bá rí i lè rò pé ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un. Kì í ṣe ayọ̀. P. L. Travers ni, òun ló kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà. Wọn ò tilẹ̀ fìwé pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló béèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun wá.

Mary Poppins ni wọ́n ń pe ìwé náà, orúkọ kan náà ni fíìmù ń jẹ́: ìtàn alágbàtọ́ kan tí afẹ́fẹ́ gbé wá sílé àwọn Banks ní Lọ́ńdọ̀nù, tòun ti agbòòrùn rẹ̀ àti àpò kan tí àtùpà gogoro lè jáde nínú rẹ̀. Láti alẹ́ ọjọ́ yẹn ni àwọn ọmọdé ti fẹ́ràn rẹ̀, wọn ò sì tíì dẹ́kun. Àwọn àgbà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tán lẹ́nu wọn. Ẹni tó kọ ọ́ bínú, olùtọ́jú ilé-ìkàwé bínú, àwọn ará Ìlú Ọba fi í ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn kan gbé orin inú rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di ọdún 2024, àjọ tí ń yẹ fíìmù wò ní Lọ́ńdọ̀nù tún fà á jáde kúrò nínú àpótí. Bí wọ́n bá ń bá a yí báyìí, ọmọ kan á ti ní kí wọ́n tún fi fíìmù náà sí i.

Ọmọ Australia ni Travers, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ lè búra pé Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí. Maryborough ní Queensland ni wọ́n bí i sí ní 1899, Helen Lyndon Goff sì ni wọ́n sọ ọ́. Iṣẹ́ báǹkì ni bàbá rẹ̀, Travers Robert Goff, ń ṣe. Ọtí bá a jà níbi iṣẹ́ náà, ó sì kú ní 1907, nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún méje. Nígbà tí ọmọ dàgbà, tó di òṣèré, tó tún di òǹkọ̀wé, orúkọ àbísọ bàbá rẹ̀ ló fi ṣe orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Bàbá inú ìwé Mary Poppins náà, òṣìṣẹ́ báǹkì ni.

Ìwé yìí jáde ní 1934. Walt Disney ní ọmọbìnrin méjì, ìwé náà sì wà lára àwọn tí wọ́n ń kà nínú ilé. Ó ṣèlérí fún wọn pé òun á sọ ọ́ di fíìmù. Ìlérí bàbá fún ọmọ rọrùn láti ṣe. Ẹni tó ni ìwé ni kò rọrùn. Ó lé ní ogún ọdún tí Disney fi bẹ̀ ẹ́, obìnrin náà kò gbà, torí ó dá a lójú pé kàtúùnù ni wọ́n máa fi ṣe, wọ́n á sì bà á jẹ́. Ohun tó wá yí ọkàn rẹ̀ padà ni pé owó ìwé kò wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Wọ́n bá a dúnàádúrà: 100,000 dọ́là, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tó bá wọlé fún àwọn tó ṣe fíìmù náà, àti ẹ̀tọ́ láti yẹ ìwé eré wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ kẹta yìí ló kó ìjàngbọ̀n wá. Ní 1961, Travers lọ sí Burbank ní California láti jókòó ti àwọn tí ń kọ eré náà: Don DaGradi, àti àwọn Sherman, Richard àti Robert, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí ń kọ orin. Ó ní kí wọ́n gba gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ sórí téèpù. Téèpù náà ṣì wà títí di òní. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á gbọ́ ohùn obìnrin kan tí kò jẹ́ kí gbólóhùn kan kọjá láìfọwọ́ kàn án: bó ṣe yẹ kí ilé àwọn Banks rí, ọ̀rọ̀ tí ìyá ilé kò lè sọ, ọ̀rọ̀ tí ọmọ ọ̀dọ̀ kò gbọdọ̀ sọ. Ó ní òun ò fẹ́ rí àwọ̀ pupa kankan nínú fíìmù náà. Ó tún ní orin àtijọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mọ̀ ló yẹ kí wọ́n lò, kì í ṣe orin tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ẹ rò ó wò: níwájú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ti dá orin sílẹ̀ jọ fún eré náà ló ti ń sọ̀rọ̀ yìí.

Kì í ṣe pé obìnrin náà kàn fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu. Mary Poppins inú ìwé kì í ṣe ẹni tí ń rẹ́rìn-ín sọ́mọ. Ó le, ó gbéra ga, kò lè kọjá níwájú gíláàsì ṣọ́ọ̀bù kó má wo ara rẹ̀. Bí ohun àràmàǹdà bá ṣẹlẹ̀ lánàá, tí ọmọ béèrè nípa rẹ̀ lónìí, á bínú, á ní irú ìsọkúsọ wo nìyẹn. Àwọn ọmọ mọ̀ pé ó ṣẹlẹ̀. Òun náà mọ̀. Kò ní sọ. Travers kò ṣàlàyé nǹkan kan fún ọmọ tí ń ka ìwé rẹ̀, ó sì gbà pé ọmọ náà gbọ́n tó ẹni tí wọn ò ní ṣàlàyé fún.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni kí èèyàn fi wọ̀n ọ́n. Nínú ìwé, ní alẹ́ tí Mary Poppins dé, ìgò kan ló yọ nínú àpò. Ó rọ ọ́ sí ṣíbí fún Michael, ọmọ àwọn Banks, ó di áísìkirimù strọ́bẹ́rì. Ó rọ ọ́ fún Jane, ọmọ wọn obìnrin, ó di omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó dùn. Nígbà tó kan àwọn ìbejì ilé náà, wàrà ló jáde. Nígbà tó kan òun alára, ọtí rọ́ọ̀mù ni. Ìgò kan náà o. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ lé e, ojú-ewé yí, ìtàn ń lọ. Fíìmù náà mú ìgò yẹn, ó gbàgbé àwọn ìbejì, torí kò sí ìbejì nínú tirẹ̀, ó sì gbé orin ka orí oògùn: orin ṣíbí ṣúgà tí gbogbo ayé mọ̀.

Orin yẹn náà ní ibi tó ti wá. Robert Sherman ti ń wá ọ̀rọ̀ kiri tó máa fi kọ orin fún Mary Poppins, kò rí i. Lọ́jọ́ kan ni ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti ilé-ìwé dé, ó ní wọ́n fún àwọn ní àjẹsára rọpárọsẹ̀ lónìí. Bàbá bi í bóyá abẹ́rẹ́ náà dùn ún. Ọmọ ní kò sí abẹ́rẹ́ kankan, orí hóró ṣúgà ni wọ́n kán oògùn náà sí, òun sì jẹ ẹ́. Ọjọ́ kejì ni orin ti dé. Travers lè sọ pé ṣúgà ló ba ìwé òun jẹ́, àmọ́ ọmọdé gidi kan, ní ilé-ìwé gidi kan, ló mú ṣúgà náà wọlé.

Disney fúnra rẹ̀, orin mìíràn ló mú un lọ́kàn. Orin tó falẹ̀ ni, nípa ìyá arúgbó tí ń ta oúnjẹ ẹyẹ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, irú èyí tí ọmọ kékeré lè sùn lé lórí. Lẹ́yìn iṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì, á pe àwọn Sherman sí ọ́fíìsì rẹ̀, á ní kí wọ́n lù ú fún òun lórí dùùrù. Wọ́n ní ojú rẹ̀ máa ń gbé omi. Ọkùnrin yìí náà jẹ́ àgbàlagbà tí fíìmù ọmọdé pa lẹ́kún, bíi ti Travers. Orí ibì kan náà kọ́ ni ẹkún wọn dá lé.

Ká padà sí alẹ́ 1964. Nínú àpèjẹ tó tẹ̀lé ìfihàn, Travers wá Disney kàn. Gẹ́gẹ́ bí Richard Sherman ṣe máa ń sọ ọ́ lẹ́yìn náà, obìnrin náà ní ohun àkọ́kọ́ tó gbọ́dọ̀ jáde ni apá kàtúùnù, níbi tí àwọn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì ti ń bá òṣèré Dick Van Dyke jó. Disney dá a lóhùn pé ọkọ̀ ti ṣí, ó sì rìn lọ.

Ọkọ̀ ṣí lóòótọ́. Ìgbà 13 ni wọ́n dárúkọ fíìmù náà fún ẹ̀bùn Oscar, ó gba márùn-ún. Julie Andrews, tó ṣe Mary Poppins, tí ojú rẹ̀ kò hàn nínú fíìmù sinimá kankan rí ṣáájú rẹ̀, gba ti òṣèré obìnrin tó dára jù lọ. Lámèyítọ́ Bosley Crowther yin fíìmù náà nínú ìwé ìròyìn New York Times. Owó wọlé débi pé Disney fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kan, MAPO, tí wọ́n gé jáde látara Mary Poppins. Travers náà lówó. Ìdá márùn-ún yẹn kò fi í sílẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ní sí Disney náà kò sì fi í sílẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tó wà nínú fíìmù náà, ọ̀rọ̀ kan tó ní lẹ́tà 34 ni àwọn ọmọdé kọ́kọ́ gbé sá lọ. Kò ní ìtumọ̀, ó gùn, ó sì máa ń ká àgbàlagbà lẹ́nu ju ọmọdé lọ. Nílẹ̀ Yorùbá tí àwọn ọmọdé ti ń fi ọ̀rọ̀ àwàdà dán ahọ́n ara wọn wò, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìdí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn àgbà gbé e lọ sí kóòtù. Àwọn olórin méjì kan, Barney Young àti Gloria Parker, ní àwọn ti kọ orin lórí ọ̀rọ̀ tó jọ ọ́ ní 1949. Ní 1965, adájọ́ kò gbè wọ́n. Àwọn ẹlẹ́rìí kan ti búra pé àwọn ti ń gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi kọ orin. Ohun tí ọmọdé fi ń ṣeré, lọ́yà ń kà á ní sílébù-sílébù níwájú adájọ́.

Ìjà tó gbóná jù ní ọdún yẹn kò dé kóòtù. Max Rafferty ni ọ̀gá àgbà ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ California. Ó kọ ọ́ sínú Los Angeles Times pé Walt Disney ni olùkọ́ tó ga jù lọ ní sẹ́ńtúrì náà, pé ó ju John Dewey, onímọ̀ ètò ẹ̀kọ́, lọ. Frances Clarke Sayers ka èyí, ara rẹ̀ kò gbà á. Obìnrin yìí ti jẹ́ olórí ẹ̀ka ọmọdé ní ilé-ìkàwé ìjọba New York, láti 1941 títí di 1952. Àgbà ni nínú iṣẹ́ náà. Ó kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, wọ́n sì wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò nínú ìwé àtìgbàdégbà Horn Book ní oṣù Kejìlá 1965.

Ẹ̀sùn Sayers kò fẹ́ ṣòro lóye. Ó ní Disney máa ń mú ìwé ẹni ẹlẹ́ni, á yọ eegun rẹ̀, á fi ṣúgà bò ó, á wá fi orúkọ ara rẹ̀ sí i lára. Mary Poppins tó le, tó ń múni rò, ti di arẹwà tí ń rẹ́rìn-ín. Ohun tó bí i nínú jù ni pé ó rí ìyẹn bí àìka ọmọ sí: bí ẹni pé ọmọ kò lè gba ohun kíkorò sẹ́nu láé. Gbólóhùn rẹ̀ le, ó sì ṣòro láti sọ pé kò rí nǹkan kan. Ẹni tó bá ka ìwé náà lẹ́yìn fíìmù á rí i pé ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́ orúkọ kan. Àmọ́ Sayers kò kíyè sí i pé ọmọ kan lè mú méjèèjì, kó má sì pe ọ̀kan ní olè. Ọmọ tó ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá kan náà lẹ́nu ìyá àgbà àti lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé orin rẹ̀ lè yàtọ̀. Ègbè ló ń dúró dè.

Ní ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹnu Dick Van Dyke ni wọ́n ń wò. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, Bert, ọmọ ìgboro Lọ́ńdọ̀nù, ló sì ń ṣe nínú fíìmù náà. Ó fẹ́ sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi Cockney, ohun tó jáde kò jọ ti ibì kankan láyé. Ẹ fojú inú wò ó pé ọmọ Ìbàdàn gba ipò ará Èkìtì nínú eré, kò sì sí ará Èkìtì kankan tó bá a tún un ṣe. Ní 2003, ìwé àtìgbàdégbà Empire to àwọn tó fi ahọ́n ẹlòmíràn ṣe eré tí kò bọ́ sí i, Van Dyke wà ní ipò kejì. Ní 2017 ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ BAFTA, àjọ fíìmù Ìlú Ọba. Ẹni ọdún 91 ni nígbà náà. Kò sí ọmọ kankan tó bá wọn gba àforíjì yẹn, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ẹnu rẹ̀.

Àwọn obìnrin kan ní tiwọn. Fíìmù náà gbé ìtàn lọ sí 1910, ó sì sọ ìyá ilé, tí Glynis Johns ṣe, di ọ̀kan lára àwọn tí ń jà kí obìnrin lè dìbò. Ó ń kọrin ìjà, ó so ọ̀já ìjà mọ́ àyà, ó sì ń sáré jáde, àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ní òpin, nígbà tí bàbá tún káìtì àwọn ọmọ ṣe, ìyá tú ọ̀já náà, ó fi ṣe ìrù káìtì. Àwọn kan wò ó, wọ́n ní ẹ rí i, wọ́n ti dá obìnrin padà sílé. Àwọn mìíràn ní rárá, ọ̀já náà kúkú ń fò lókè níbi tí gbogbo ayé ti lè kà á. Ọmọdé mọ̀ pé káìtì láìsí ìrù kò lè fò.

Travers kò gbàgbé. Kí ó tó gbà kí Cameron Mackintosh, tí ń gbé eré ìtàgé jáde, gbé ìtàn náà lọ sórí ìtàgé, ó ní ọmọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nídìí fíìmù náà má ṣe sún mọ́ ọn. Síbẹ̀, nígbà tí ó lé ní ọgọ́rin ọdún, ó jókòó pẹ̀lú òǹkọ̀wé Brian Sibley, àwọn méjèèjì jọ kọ ìwé eré fún apá kejì fíìmù kan náà, fún Disney kan náà. Fíìmù yẹn kò jáde. Ó kú ní 1996. Nígbà tí eré ìtàgé dé ní 2004, orin àwọn Sherman wà nínú rẹ̀. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ Disney ṣe fíìmù nípa òun àti Walt, Saving Mr. Banks, nínú èyí tí ẹkún alẹ́ 1964 ti di ẹkún ẹni tí ọkàn rẹ̀ tutù. Àwọn tó mọ ìtàn náà pariwo. Ẹni tó ni ẹkún kò sí láyé mọ́ láti fèsì.

Ọ̀rọ̀ tó kan ọmọ Áfíríkà gangan pẹ́ kó tó dé. Ó sì bẹ̀rẹ̀ látinú ìwé, kì í ṣe látinú fíìmù. Nínú orí kan tó ń jẹ́ Bad Tuesday, Mary Poppins fi kọ́ńpáàsì kó àwọn ọmọ kiri ìhà mẹ́rin ayé, wọ́n sì bá èèyàn pàdé ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Bí Travers ṣe ya àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn yòókù níbẹ̀ ní 1934, àbùkù ni. Ó tún èdè wọn ṣe ní 1967. Ní 1980, ilé-ìkàwé ìjọba San Francisco kó ìwé náà kúrò lórí pẹpẹ. Ní 1981, Travers yọ àwọn èèyàn náà pátápátá, ó fi ẹranko rọ́pò wọn: béárì funfun, ẹyẹ macaw, panda, dolphin. Obìnrin tí kò fẹ́ kí Disney yí ilé àwọn Banks padà fọwọ́ ara rẹ̀ yí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ayé padà.

Nínú fíìmù, ọ̀gágun ojú omi kan tó ti fẹ̀yìn tì, Admiral Boom, ń gbé ní ilé kan tó kọ́ bíi ọkọ̀ ojú omi, ó sì ń yìn àgbá láti orí òrùlé rẹ̀. Nígbà tí àwọn tí ń nu ihò èéfín ń jó lókè ilé, tí ojú wọn ti dúdú fún èéfín, ó rí wọn, ó ní àwọn ọ̀tá ti dé. Orúkọ tó pè wọ́n ni orúkọ ìwọ̀sí tí àwọn Òyìnbó Dutch sọ àwọn Khoikhoi ti Gúúsù Áfíríkà. Ní 2019, ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ ọ́ sínú New York Times pé ojú dúdú wọ̀nyẹn àti ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ṣeréṣeré, àwọn òǹkàwé bínú sí i gidi: wọ́n ní ṣé èéfín náà ti di ẹ̀sùn. Ní oṣù Kejì 2024, nígbà tí wọ́n fẹ́ tún gbé fíìmù náà lọ sí sinimá, BBFC, àjọ tí ń yẹ fíìmù wò, gbé e kúrò ní ipò U, tí gbogbo ọmọ lè wò, tó ti wà láti 1964, wọ́n gbé e sí PG, tó ń fẹ́ ìtọ́sọ́nà òbí. Wọ́n ní ọmọ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kó máa pè é kiri, kó má mọ̀ pé èébú ni.

Wọn ò gé nǹkan kan. Ọ̀gágun náà ṣì ń pariwo lórí òrùlé rẹ̀, ó ń yìn wọ́n níná aláràbarà, àwọn ojú dúdú wọ̀nyẹn sì bẹ́ sínú ihò èéfín, wọ́n já sí pálọ̀ àwọn Banks, wọ́n ń bá ijó wọn lọ láàárín àga àti àwo. Ibẹ̀ ni bàbá ti ibi iṣẹ́ báǹkì bá wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde, torí wọ́n ní oríire ni. Òun dúró, ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú, kò tíì mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ bá wí.